Ẹ̀kọ́ Àkànpọ̀ Iṣẹ́-Ọnà, Mídíà àti Ẹ̀rọ ní Àríwá Èkìtì

Ẹ̀kọ́ àkànpọ̀ iṣẹ́-ọnà, mídíà àti ẹ̀rọ ni ètò tó ń jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kó ìmọ̀ àwòrán, eré, ohùn àti fíìmù mọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, láìfi ẹ̀kọ́ tó torí rẹ̀ wọlé sílẹ̀. Máínọ̀ ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pe irú ètò bẹ́ẹ̀: kọ́ọ̀sì bíi márùn-ún tàbí mẹ́fà lórí ohun tí kì í ṣe olórí ẹ̀kọ́ ẹni. Ní Nàìjíríà, orúkọ yìí kò fi bẹ́ẹ̀ rinlẹ̀. Ohun tí a mọ̀ ni kọ́ọ̀sì àṣàyàn tí akẹ́kọ̀ọ́ lọ ń ṣe ní ẹ̀ka mìíràn, àti GST, ìyẹn kọ́ọ̀sì gbogbogbòò, tó ń kó gbogbo ayé jọ sínú gbọ̀ngàn kan. Ṣùgbọ́n láti Ìdó dé Ọ̀yẹ́ títí dé Ìkọ̀lé, ohun tí wọ́n ń fi máínọ̀ wá ti wà nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ yunifásítì.

Ìrè-Èkìtì wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yẹ́, ibẹ̀ sì ni ìtàn so Ògún Onírè mọ́. Alágbẹ̀dẹ, agbẹ́gilére àti awakọ̀, òrìṣà kan náà ni àṣà so gbogbo wọn mọ́, nítorí irin ni gbogbo wọn fi ń jẹun. Ẹni tó bá fẹ́ ya iṣẹ́-ọnà sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀rọ ní agbègbè yìí, àfi kó kọ́kọ́ lọ bá Ògún ṣàlàyé.

Egúngún Ẹpa ló fi àkànpọ̀ náà hàn jù. Láti inú ìtì igi kan ṣoṣo ni agbẹ́gilére ti ń gbẹ́ ẹ. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ rí bí ìkòkò, ó ní ojú níwájú, ó ní lẹ́yìn, ibẹ̀ sì ni ẹni tó gbé e ń ki orí bọ̀. Lókè ìkòkò yìí ni ère máa ń wà: jagunjagun lórí ẹṣin, ìyá tó gbé ọmọ, tàbí olóògùn láàárín àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n á kùn ún ní àwọ̀, wọ́n á fi màrìwò bo ara ẹni tó gbé e. Òmíràn wúwo ju ààbọ̀ àpò sìmẹ́ǹtì lọ, síbẹ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin ni yóò fi orí gbé e jó, yóò sì fò gun orí òkìtì níṣojú ìlú. Bó bá kọsẹ̀, inú ẹnikẹ́ni kì í dùn sí i. Ìlù, orin, igi, ọ̀dà àti agbára ọrùn ènìyàn, ọ̀kan kò pé láìsí èkejì. Ère tí wọ́n gbé sínú àpótí gíláàsì ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà, ìdá kan lára Ẹpa ni.

Ní 1947, àwọn àlùfáà Kátólíìkì ti ẹgbẹ́ Society of African Missions dá ilé-iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Fáádà Kevin Carroll ló ń darí rẹ̀, Fáádà Seán O'Mahony sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Carroll kò kó agbẹ́gilére wá láti òkè òkun, kò sì ní kí àwọn ti ilẹ̀ yìí gbàgbé ohun tí bàbá wọn kọ́ wọn. George Bándélé, ọmọ Arẹ́ogun ti Ọ̀sì-Ìlọrin, ló gbà sípò ọ̀gá. Abẹ́ Bándélé ni Làmídì Fákẹ́yẹ ti wá kọ́ṣẹ́ ní ìparí àwọn ọdún 1940, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdílé agbẹ́gilére ní Ìlá-Ọ̀ràngún ni wọ́n bí i sí. Ahunṣọ wà níbẹ̀, oníṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ wà, oníṣẹ́ awọ náà wà. Nínú ère ìbí Jésù tí wọ́n gbẹ́, aṣọ ọba Yorùbá ló wà lọ́rùn àwọn amòye tó wá kí ọmọ. Mùsùlùmí ni Fákẹ́yẹ, ó sì ń gbẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì láìsí ìjà. Òun ló gbẹ́ ti ilé ìjọsìn Kátólíìkì ní Yunifásítì Ìbàdàn. Nígbà tó yá, ó di olùkọ́ ní Ifẹ̀, ère Odùduwà tó wà nínú ọgbà yunifásítì ibẹ̀ sì jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó dolóògbé ní 2009.

Ọdún méje péré ni ilé-iṣẹ́ náà lò. Ó kógbá sílé ní 1954. Lójú tèmi, òun ni ilé-ẹ̀kọ́ àkànpọ̀ àkọ́kọ́ ní àríwá Èkìtì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fún ẹnikẹ́ni ní ìwé-ẹ̀rí. Ogún ọdún ó dín ọdún kan lẹ́yìn ìdásílẹ̀ rẹ̀, ní 1966, ni àwọn ẹnjiníà ilé ìwádìí Bell Labs àti àwọn oníṣẹ́-ọnà New York ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó pọ̀ láti ṣe eré tí ìwé ìtàn iṣẹ́-ọnà ń ròyìn títí dòní. Media Lab ti MIT kò ṣí títí di 1985. Nílé níbí, ibùdó àṣà Ori Olókun ní Ifẹ̀ ti kó eré, ijó, orin àti àwòrán sábẹ́ òrùlé kan láti 1968.

Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti Ọ̀yẹ́-Èkìtì, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní FUOYE, bẹ̀rẹ̀ ní 2011. Ọgbà méjì ló ní. Ọ̀yẹ́ ni Theatre and Media Arts wà, Ìkọ̀lé ni àwọn ẹnjiníà àti àwọn oníṣẹ́ àgbẹ̀ wà. Ọ̀nà tó wà láàárín wọn lé ní 20 kìlómítà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé kámẹ́rà, kó sì tún kọ́ bí wọ́n ṣe ń so wáyà mọ́ rọ́bọ́ọ̀tì, á wọ mọ́tò, á san owó, á sì gbàdúrà kí wákàtí kíláàsì méjèèjì má forí gbárí.

Àjọ NUC tó ń bójú tó àwọn yunifásítì Nàìjíríà gbé ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun tí wọ́n ń pè ní CCMAS jáde ní ìparí 2022. Ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ni àjọ náà fúnra rẹ̀ là sílẹ̀, ó fi 30 tó kù sílẹ̀ fún yunifásítì kọ̀ọ̀kan láti fi gbé ohun tó bá agbègbè rẹ̀ mu kalẹ̀. Inú 30 yìí ni àyè wà fún ẹ̀kọ́ àkànpọ̀. Àjọ yìí kan náà ló sì tú Mass Communication ká sí oríṣiríṣi ètò, Film and Multimedia Studies lára wọn. Ọwọ́ kan ń tú, èkejì ń so.

Iṣẹ́ tí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ lè mú ṣe kò jìnnà. Ẹ mú ọ̀rọ̀ náà “ẹ̀kọ́” fúnra rẹ̀. Lójú kọ̀ǹpútà, é tí àwọn Faransé ń lò ní nọ́ńbà tirẹ̀ kan ṣoṣo, 00E9. Tiwa, ẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, nọ́ńbà méjì ló ń jẹ́: 1EB9 fún lẹ́tà tó ní àmì nísàlẹ̀, 0300 fún àmì òkè. Bí ẹni tó ya fọ́ǹtì kò bá sọ ibi tí àmì yóò jókòó sí, á yẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kó gun orí lẹ́tà kejì. Ìdí nìyí tí àmì ohùn fi ń ṣe ségesège lórí ọ̀pọ̀ páálí ìkéde ìsìnkú àti ti ìgbéyàwó. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá nìkan kò lè tún un ṣe. Ẹni tó gbọ́ kọ̀ǹpútà nìkan kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé nǹkan bàjẹ́.

Ẹ̀wẹ̀, a lè fi fóònù lásán ya ère Ẹpa yípo, bí ọgọ́rùn-ún fọ́tò tí ọ̀kan ń wọnú èkejì, kí kọ̀ǹpútà wá àmì tó bára mu nínú wọn, kó sì fi wọ́n to odidi ère tí ènìyàn lè máa yí wò lójú fóònù. Ìmọ́lẹ̀ ló ṣòro níbẹ̀: ọ̀dà tó ń dán máa ń tan ẹ̀rọ jẹ, nítorí náà àárọ̀ tí òòrùn kò tíì mú, tàbí ọjọ́ tí ojú ọ̀run ṣú, ló dára jù. Kí ó tó kan ìmọ́lẹ̀, ó ti kan ìdílé tó ni ère. Kì í ṣe gbogbo Ẹpa ni ojú àlejò gbọ́dọ̀ tó, fáìlì tó bá sì ti bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ṣe é pè padà. Ọ̀rọ̀ yìí kò sí nínú kọ́ọ̀sì kọ̀ǹpútà kankan, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kó kù sẹ́yìn. Ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti kọ́ ọ, pẹ̀lú obì lọ́wọ́.

Ní ti ìṣàkóso, ohun tó kéré ló máa ń dá irú ètò yìí dúró. Bí ọmọ Ìkọ̀lé bá ṣe fíìmù ní Ọ̀yẹ́, ẹ̀ka wo ni yóò tẹ máàkì rẹ̀ sórí ẹ̀rọ, ta ni yóò sì buwọ́ lù ú? Bí ìbéèrè yìí kò bá ní ìdáhùn kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, kárìóvà ló ń bọ̀ yẹn.