Nígbà tí Pápá Dákẹ́: Eré Ìdárayá Gaelic ní Àsìkò Àjàkálẹ̀ Àrùn Kòrónà

Ibi tí mo ń mú yín lọ lónìí jìnnà díẹ̀ sí ilé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ràn èdè àti àṣà kò ní í ka ìrìn náà sí wàhálà. Ilẹ̀ Ireland ni. Ní ọjọ́ kìíní, oṣù kọkànlá, ọdún 1884, àwọn ènìyàn díẹ̀ pàdé ní ilé ìtura Hayes ní ìlú Thurles, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ kí eré ìbílẹ̀ wọn má baà parun lábẹ́ eré àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Michael Cusack wà nídìí ìpàdé náà, Maurice Davin sì ni ààrẹ àkọ́kọ́. Cumann Lúthchleas Gael ni wọ́n ń pè é ní èdè wọn. GAA ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ náà, cumann. Ẹgbẹ́ ló túmọ̀ sí, ó sì súnmọ́ bí àwa náà ti ń lo ẹgbẹ́, nítorí pé kì í ṣe àwọn tó ń sáré lórí pápá nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ń gé koríko, ẹni tó ń se tíì, ìyá tó ń fọ aṣọ eré, ọmọ ẹgbẹ́ ni gbogbo wọn.

Hurling ni wọ́n ń fi igi gbá; camogie ni wọ́n ń pe ti obìnrin. Bọ́ọ̀lù Gaelic ni wọ́n ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gbá. Ohun tó yani lẹ́nu jù ni pé ẹnikẹ́ni kì í gba owó oṣù níbẹ̀. Ọkùnrin tí ènìyàn 80,000 ń pariwo orúkọ rẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú á wà níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, tàbí kí ó wà nídìí màlúù rẹ̀, tàbí ní wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn. Ẹgbẹ́ àdúgbò tí wọ́n bí i sí ló ń gbá bọ́ọ̀lù fún láti kékeré. Bí ó bá mọ̀ ọ́n gbá gan-an, káúńtì rẹ̀ á pè é. Káúńtì 32 ló wà ní erékùṣù náà.

Ibẹ̀ gan-an ni kókó náà ti so. Ẹsẹ̀ kan náà ló ń sin ọ̀gá méjì. Títí di ọdún 2020, bí káúńtì bá ń díje, ẹgbẹ́ àdúgbò á dúró, nítorí pé àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá jù kò sí nílé. Díẹ̀ kíún ni àwọn tí káúńtì ń pè. Ọ̀pọ̀ yanturu ni àwọn tó ń dúró. Agbábọ́ọ̀lù àdúgbò kan lè máa gbáradì láti oṣù kìíní, kí ó má sì mọ̀ bóyá oṣù kẹjọ tàbí oṣù kẹwàá ni ìdíje rẹ̀ yóò bọ́ sí. Kò lè dá ọjọ́ ìgbéyàwó. Ọdún lé ọdún ni wọ́n fi jiyàn lórí rẹ̀, ìgbìmọ̀ lórí ìgbìmọ̀, kò sì tú. Òfin àjàkálẹ̀ àrùn tó fọ́ àsìkò eré wọn yán-ányán-án náà ló wá tú u. Ohun tó ná wọn kò sì kéré.

Ní ọjọ́ 12, oṣù kẹta, ọdún 2020, Leo Varadkar, tó jẹ́ olórí ìjọba nígbà náà, wà ní Washington nígbà tó kéde pé kí wọ́n ti àwọn ilé ẹ̀kọ́ pa. Ọjọ́ náà ni GAA dá gbogbo eré dúró. Títí di ọjọ́ 29 oṣù náà ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, ṣùgbọ́n kí ọjọ́ náà tó kò ni kónílé-ó-gbélé ti wọlé dé: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe eré ìdárayá kọjá kìlómítà 2 sí ilé rẹ̀. Ìdíje Líìgì dúró láìparí. Wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ ti pápá àdúgbò. Croke Park, pápá ńlá ìlú Dublin tó ń gba ènìyàn 82,300, di ibi tí wọ́n ń wa ọkọ̀ wọ̀ fún àyẹ̀wò àrùn. Àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ àdúgbò tí kò rí bọ́ọ̀lù gbá sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oúnjẹ àti oògùn lọ sí ẹnu ọ̀nà àwọn arúgbó tí kò lè jáde.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí àìsàn dá eré wọn rú, èmi kò sì ní lè kọjá láìsọ ìtàn ọdún 1941. Àrùn ẹsẹ̀-àti-ẹnu tí í máa ṣe màlúù ló bẹ́ sílẹ̀ nígbà náà. Àrùn ẹranko ni, ṣùgbọ́n bàtà ènìyàn lè gbé e láti oko kan dé òmíràn, ìjọba sì ní kí àwọn ènìyàn Tipperary àti Kilkenny má jáde lọ gbá hurling. Kí ọdún má baà lọ lásán, wọ́n yan Cork àti Dublin láti ṣojú ẹkùn wọn, Cork sì gba ife gbogbo ilẹ̀ Ireland ní oṣù kẹsàn-án. Lẹ́yìn èyí ni ara ẹranko yá, wọ́n bá ní kí wọ́n parí àṣekágbá ẹkùn Munster tó ti wà nílẹ̀. Ní oṣù kẹwàá, Tipperary na Cork! Ẹni tó gba ife gbogbo ilẹ̀ kò lè gba ti ẹkùn tirẹ̀. Títí di òní, àwọn àgbàlagbà Tipperary kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sùn.

Ti ọdún 1918 yàtọ̀. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló ní kí wọ́n máa gba ìwé àṣẹ kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù. GAA kọ̀. Ní ọjọ́ 4, oṣù kẹjọ, wọ́n ní kí gbogbo ẹgbẹ́ jáde lọ́wọ́ kan náà, nǹkan bíi ènìyàn 54,000 sì gbá eré láìgba ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀fìnkìn ńlá dé kí ọdún náà tó parí, ọ̀fìnkìn kan náà tó gba ojú omi wọ Èkó ní oṣù kẹsàn-án 1918, ó wà lára ohun tó sún àṣekágbá bọ́ọ̀lù Gaelic ọdún náà sí oṣù kejì 1919. Ìjọba ṣeé takò. Àìsàn kò ṣeé takò.

Mo padà sí ọdún 2020. Ní oṣù kẹfà, àwọn aláṣẹ GAA gbé ètò tuntun jáde. Ẹgbẹ́ àdúgbò ni yóò kọ́kọ́ gbá, láti ọjọ́ 17, oṣù keje. Káúńtì kò gbọdọ̀ gbáradì títí di ọjọ́ 14, oṣù kẹsàn-án, kò sì gbọdọ̀ gbá títí di ọjọ́ 17, oṣù kẹwàá. Ìdí rẹ̀ rọrùn: ẹgbẹ́ àdúgbò kì í rìn jìnnà, àwọn tó ń bá ara wọn gbá sì jẹ́ ará àdúgbò kan náà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó bí. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún púpọ̀, agbábọ́ọ̀lù àdúgbò ni ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wà fún. Ní oṣù keje, oòrùn kì í wọ̀ níbẹ̀ títí aago mẹ́wàá alẹ́ fi ń kù díẹ̀, koríko á gbẹ, afẹ́fẹ́ á tutù lára. Ó mọ ọjọ́ tí yóò gbá, ó mọ ẹni tí yóò bá gbá, ọmọ àdúgbò rẹ̀ tí káúńtì ti gbà lọ sì padà sílé láti bá a gbáradì ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá péré, ọ̀pọ̀ káúńtì ti dé àṣekágbá ẹgbẹ́ àdúgbò wọn.

Kì í ṣe pé ó rọrùn. Wọ́n ti yàrá ìmúra pa, nítorí náà inú ọkọ̀ ni wọ́n ti ń wọ aṣọ eré. Olúkúlùkù gbé omi tirẹ̀ wá, ó sì gbọ́dọ̀ dáhùn ìbéèrè nípa ìlera rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ó tó tẹ pápá. Ènìyàn 200 péré ni òfin gbà níbi eré kan, àwọn agbábọ́ọ̀lù wà nínú òǹkà náà. Ẹ fojú inú wo ìyá àti bàbá tó ń du tíkẹ́ẹ̀tì kan láti wo ọmọ wọn. Ní ọjọ́ 18, oṣù kẹjọ, ìjọba ní òǹwòran kankan kò gbọdọ̀ wọlé mọ́. Inú bí GAA débi pé wọ́n pe Dókítà Ronan Glynn, tó ń ṣe adelé ọ̀gá àgbà ètò ìlera, ní gbangba pé kí ó wá fi ẹ̀rí hàn. Lójú tèmi, ìbéèrè náà tọ́, nítorí pé ẹni tó pa òfin mọ́ láti oṣù kẹta lẹ́tọ̀ọ́ sí àlàyé.

Ohun tó ba ọ̀rọ̀ jẹ́ ni ayọ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ àdúgbò bá gba ife káúńtì, bóyá lẹ́yìn ogún ọdún, ta ni yóò ní kí wọ́n lọ sùn? Àwọn ará àdúgbò tú síta, wọ́n dì mọ́ra, fídíò sì gbé e káàkiri. Ní ọjọ́ 5, oṣù kẹwàá, GAA fúnra wọn dá gbogbo eré ẹgbẹ́ àdúgbò dúró, láti ọmọdé dé àgbà. Àṣekágbá bọ́ọ̀lù Gaelic ti Cork láàárín Nemo Rangers àti Castlehaven di oṣù kẹjọ ọdún 2021. Ìpinnu tó le ni, mo sì gbà pé ó tọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó jìyà rẹ̀ kì í ṣe àwọn tó jó.

Nígbà tí ìjọba tún sé ìlú mọ́lé ní ọjọ́ 21, oṣù kẹwàá, wọ́n yọ àwọn òléwájú eléré ìdárayá sílẹ̀, wọ́n sì ka àwọn àgbà agbábọ́ọ̀lù káúńtì mọ́ wọn. Ìkàsí yìí ni mo rò pé ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn tẹ́jú mọ́. Àwọn tó ń gba owó gọbọi ni irú àyọ̀ǹda bẹ́ẹ̀ wà fún níbòmíràn. Wọ́n lè kó wọn pamọ́ sí ilé ìtura kan. Ta ni yóò kó nọ́ọ̀sì pamọ́? Láti wọ́ọ̀dù ló ti ń lọ sí pápá, ilé òbí rẹ̀ ló sì ń padà sí. Wọ́n gba àǹfààní òléwájú láìgba owó òléwájú. Àwọn ẹgbẹ́ London àti New York kò lè wá díje rárá. Sligo yọwọ́ nínú ìdíje Connacht nítorí pé àrùn ti mú àwọn ènìyàn wọn.

Síbẹ̀, ìgbà òtútù náà mú ohun àrà jáde. Ìdíje bọ́ọ̀lù Gaelic di kòmẹsẹ̀-ó-yọ: ẹni tó bá pàdánù lẹ́ẹ̀kan, ó di ilé. Ní ọjọ́ 22, oṣù kọkànlá, Tipperary gba ife Munster fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún 1935, Cavan sì gba ti Ulster fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún 1997. Ó pé ọgọ́rùn-ún ọdún àti ọjọ́ kan tí àwọn agbófinró Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn pa ènìyàn 14 ní Croke Park, tí Michael Hogan, agbábọ́ọ̀lù Tipperary, wà lára wọn. Aṣọ funfun àti àwọ̀ ewé bíi tìgbà náà ni Tipperary wọ̀ lọ́jọ́ náà. Káúńtì mẹ́rin tó gba ife ẹkùn ní 1920 náà ló tún gbà á ní 2020. Àwọn tó yẹ kí wọ́n sunkún ayọ̀ ní pápá ń wò ó nílé lórí tẹlifíṣọ̀n. Ní oṣù kejìlá, Limerick borí Waterford nínú hurling, Dublin sì borí Mayo láti gba ife ìkẹfà léra wọn, nínú pápá tó ṣófo débi pé ohùn igi àti ìpè agbábọ́ọ̀lù ni ènìyàn ń gbọ́.

Tí obìnrin ló dùn mí jù. Ní ọjọ́ 6, oṣù kejìlá, Cork àti Galway fẹ́ gbá ìdíje tó ṣáájú àṣekágbá bọ́ọ̀lù Gaelic obìnrin. Wọ́n ti kọ́kọ́ gbé eré náà kúrò ní Limerick wá sí Parnell Park ní Dublin. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà yìnyín ti di pápá, wọ́n bá tún gbé e lọ sí Croke Park, wọ́n sì mú àkókò rẹ̀ wá sí iwájú nítorí pé eré àwọn ọkùnrin ń bọ̀ lẹ́yìn. Àwọn ọmọ Galway kò rí ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ láti na ara kí fèrè tó dún, tẹlifíṣọ̀n kò sì gbé e. Nígbà tí àyè bá há, a máa ń mọ ẹni tí wọ́n ń sún.

Ọdún 2021 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kónílé-ó-gbélé mìíràn, wọn kò sì yọ káúńtì sílẹ̀ mọ́. Ikọ̀ Cork, Down àti Dublin jẹ̀bi pé wọ́n kó ara wọn jọ láti gbáradì ní ìkọ̀kọ̀. Wọ́n dá àwọn olùkọ́ni wọn dúró fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Àwọn ọmọdé kò tẹ pápá títí di ọjọ́ 26, oṣù kẹrin. Àṣekágbá àwọn ọ̀dọ́ tí ọjọ́ orí wọn kò ju 17 lọ, ti ọdún 2020, oṣù keje 2021 ni wọ́n gbá a. Ní oṣù kẹjọ, àrùn wọ ikọ̀ Tyrone, wọ́n sì kéde pé àwọn kò ní lè bá Kerry gbá. Kerry gbà kí wọ́n sún un síwájú, bẹ́ẹ̀ wọn ì bá ti wọ àṣekágbá láìgbá bọ́ọ̀lù. Tyrone dé, wọ́n na Kerry, wọ́n sì gba ife ní ọjọ́ 11, oṣù kẹsàn-án. Ìwà Kerry yìí kò ní ife ẹ̀yẹ tirẹ̀.

Ní ti owó, àdánù GAA fún ọdún 2020 tó mílíọ̀nù 34 owó Yúrò, nítorí pé ẹnu ọ̀nà pápá ni owó wọn ti ń wọlé. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti tọ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn 2020 wò kò fẹ́ padà sẹ́yìn. Ní ọjọ́ 27, oṣù kejì, ọdún 2021, níbi àpérò tí wọ́n ṣe láti ojú kọ̀ǹpútà, wọ́n dìbò pé kí wọ́n pín ọdún sí méjì: káúńtì títí di oṣù keje, ẹgbẹ́ àdúgbò lẹ́yìn rẹ̀. Àṣekágbá hurling ọdún 2022 bọ́ sí ọjọ́ 17, oṣù keje, ti bọ́ọ̀lù Gaelic sì tẹ̀lé e ní ọjọ́ 24. Àwọn kan ń ṣọ̀fọ̀ oṣù kẹsàn-án tí àwọn baba ńlá wọn fi ń lọ sí Croke Park, wọ́n sì ń sọ pé àwọn ọmọdé kò rí ìràwọ̀ káúńtì wò mọ́ nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá wọlé. Ẹ̀dùn wọn yé mi. Títí di ọdún 2025, oṣù keje ni àṣekágbá méjèèjì ṣì ń wáyé, agbábọ́ọ̀lù àdúgbò sì mọ̀ pé bí oṣù kẹjọ bá ti dé, òun ló kàn.