Àwọn Oníbéèsì Wa: Ìtàn Iṣẹ́ Tí A Ń Gbọ́ Tí A Kì Í Wò

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí jẹ mọ́ òde àríyá. Gbogbo wa la ti lọ síbi ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú àgbà tí olórin ti ṣeré mọ́jú. Bí eré bá parí, orúkọ olórin ló máa ń wà lẹ́nu wa. Onígángan pàápàá kì í lọ lọ́wọ́ òfo, nítorí ó ti kì wá, a sì ti lẹ owó mọ́ ọn níwájú. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tó dúró sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà, tó ń ta okùn mẹ́rin tó nípọn láti alẹ́ títí di ìdájí. Òun ni ó ń ta gìtá béèsì. Ìtàn rẹ̀ la fẹ́ sọ, nítorí àwọn tó ti ṣe iṣẹ́ yìí fún ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún, ti ń dàgbà lọ, a kò sì kọ orúkọ wọn síbì kankan.

Kí gìtá béèsì tó dé

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí òwe bí òwe là ń lu àgídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Àgídìgbo jẹ́ àpótí onígi tí a kan irin pẹlẹbẹ mélòó kan mọ́ lójú. Ẹni tó ń lù ú á gbé e lé itan tàbí kí ó fi okùn kọ́ ọ lọ́rùn, á máa fi ìka ta àwọn irin náà, á sì tún máa gbá ara àpótí náà. Ohùn rẹ̀ wúwo, ìsàlẹ̀ ló sì máa ń wà. Wọ́n lò ó nínú àpàlà irú èyí tí Haruna Ishola, tó kú ní 1983, fi gbajúmọ̀. I. K. Dairo náà, tó dá ẹgbẹ́ Morning Star Orchestra sílẹ̀ ní 1957, lò ó nínú jùjú. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òyìnbó ló kọ́ wa pé orin gbọ́dọ̀ ní ìsàlẹ̀. Ipò náà ti wà nílẹ̀. Ohun èlò tó jókòó síbẹ̀ ló yí padà.

Bí ó ṣe yí padà nìyí. Nígbà tí Tunde King ń kọ jùjú ní Èkó ní àwọn ọdún 1930, ẹgbẹ́ rẹ̀ kéré, ó ṣeé gbà sínú pálọ̀ ẹni tó pè é. Ní 1949, Ayinde Bakare bẹ̀rẹ̀ sí í lo iná mànàmáná láti gbé ohùn gìtá rẹ̀ sókè. Ọ̀rọ̀ ńlá ni èyí, nítorí pé bí gìtá bá ti lè dún sókè, ìlù náà lè pọ̀ sí i láìbò ó mọ́lẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 1951, Leo Fender ní California gbé gìtá béèsì oníná tí ó pè ní Precision Bass jáde. Ṣáájú rẹ̀, béèsì ńlá tó ga ju ènìyàn lọ, tí a ń dá dúró lórí ilẹ̀, ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ olórin ń lò. Èyí tuntun yìí ṣeé gbé kọ́ èjìká, ó ṣeé fi sínú ọkọ̀, ohùn rẹ̀ sì ń dé ẹ̀yìn agbo.

Ní àwọn ọdún 1960, gìtá béèsì wọ inú jùjú, ó sì gba àga lọ́wọ́ àgídìgbo díẹ̀díẹ̀. Àkókò náà ni Ebenezer Obey dá International Brothers sílẹ̀, ní 1964, tí Sunny Ade sì dá Green Spots sílẹ̀, ní 1967. Gìtá ń pọ̀ sí i nínú ẹgbẹ́ wọn, ìlù ń pọ̀ sí i, agbo ń fẹ̀ sí i. Nígbà tí Sunny Ade gbé àwo Juju Music jáde fún gbogbo ayé ní 1982, tí Synchro System sì tẹ̀ lé e ní 1983, àwọn òyìnbó ń sọ̀rọ̀ gìtá onírin tí Demola Adepoju ń ta. Ẹ gbé àwo náà sí i lónìí, kí ẹ fetí sí ìsàlẹ̀. Béèsì ni ilẹ̀ tí gbogbo wọn ń jó lé lórí.

Lọ́dọ̀ Fela náà, béèsì ni òpó ilé. Maurice Ekpo wà lára àwọn tó ta béèsì fún Africa 70. Fela fúnra rẹ̀ ló máa ń ṣètò ohun tí ohun èlò kọ̀ọ̀kan yóò sọ, tí á sì kọ́ olúkúlùkù ní tirẹ̀. Orin rẹ̀ Confusion, tó jáde ní 1975, gùn tó ìṣẹ́jú 25, tó fi jẹ́ pé ojú àwo méjèèjì ló gbà. Ẹni tó ń ta béèsì nínú irú orin bẹ́ẹ̀ á máa sọ gbólóhùn kan náà ní àsọtúnsọ, kò gbọ́dọ̀ sáré, kò gbọ́dọ̀ falẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó sú òun.

Ohun tí oníbéèsì ń ṣe gan-an

Àwọn ọ̀dọ́ wa a máa bi wá pé kí ló le nínú rẹ̀, ṣebí okùn mẹ́rin péré ni. Ìdáhùn wa ni pé iye okùn kọ́ ni iṣẹ́. Èdè wa ní ohùn mẹ́ta, ti ìsàlẹ̀, ti àárín àti ti òkè. Gángan ń lò wọ́n láti sọ̀rọ̀. Oníbéèsì tó mọṣẹ́ náà ń lò wọ́n. Gbólóhùn rẹ̀ kúrú, ó sì ń fi àyè sílẹ̀ láàárín, kí gángan lè rí ibi fọhùn sí. Ẹni tó bá ń dí gbogbo àyè kò tíì mọ béèsì.

Èkejì ni pé orin jùjú kì í dúró. Olórin á ti inú orin kan bọ́ sínú òmíràn nítorí pé ó rí olówó kan tó ń wọlé bọ̀. Kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Oníbéèsì gbọ́dọ̀ máa wo ẹnu rẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀, kí ó ti dé ibẹ̀ kí àwọn yòókù tó dé. Bí ó bá ṣe é dáadáa, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Bí ó bá ṣì í, gbogbo agbo ló máa kọsẹ̀. Iṣẹ́ tí a kì í rí àfi ọjọ́ tó bá bàjẹ́ ni.

Ẹ tún fi ti ara kún un. Gìtá náà wúwo tó nǹkan bíi kílò mẹ́rin, èjìká kan náà ló sì ń gbé e lóru mọ́jú. Ìka á dá pálábá. Etí tó ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà fún ọgbọ̀n ọdún kì í gbọ́rọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Béèsì ní Libreville

Ẹni tó bá gbé gìtá béèsì dé ìlú yìí láti ilé, ẹ̀kọ́ ọ̀tun ló máa bá. Rọ́ńbà àwọn ará Kóńgò àti màkósà àwọn ará Kamẹrúùnù ló gba ìgboro. Ní 1981 ni rédíò Africa N°1 bẹ̀rẹ̀ sí í ti Libreville níbí ta àtagbà orin wọ̀nyẹn sí ilẹ̀ Áfíríkà. Nínú màkósà, béèsì kì í sá pamọ́ sẹ́yìn rárá. Òun gan-an ló ń ṣáájú ijó. Àwọn ará Kamẹrúùnù ti fi ọ̀pọ̀ oníbéèsì ńlá fún ayé: Jean Dikoto Mandengue, tó bá Osibisa ṣeré, àti Richard Bona, tí wọ́n bí ní 1967, jẹ́ méjì nínú wọn. Àwọn ará wa láti Kétu, Sábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ náà kò dé lọ́wọ́ òfo, nítorí etí wọn ti mọ Poly-Rythmo ti Cotonou, tí a dá sílẹ̀ ní 1968, níbi tí Gustave Bentho ti ń ta béèsì. Oníbéèsì wa tó bá fẹ́ jẹun nílùú yìí ní láti mọ gbogbo rẹ̀: jùjú fún òde tiwa, rọ́ńbà àti màkósà fún òde àwọn ẹlòmíràn. Èdè mẹ́ta ni lórí okùn mẹ́rin.

Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ olórin àwọn àlejò dà bí ilé tí a kọ́ sórí ilẹ̀ onílẹ̀. Ní 1978, nígbà tí ìjà wà láàárín ìjọba Gabon àti ti Benin nítorí ìkọlù àwọn ọmọ ogun àyálò sí Cotonou ní January 1977, Gabon lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Benin jáde. Ní January 1994, wọ́n gé iye owó CFA sí ìdajì. Okùn gìtá àti sípíkà tí ń ti òkè òkun wá wá di ọ̀wọ́n gógó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1995, Gabon tún ní kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú máa lọ, nǹkan bí 55,000 ènìyàn ló sì jáde. Ẹgbẹ́ olórin kò lè la irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kọjá láìfarapa. Bí onígìtá bá lọ, tí onílù bá lọ, kí ni oníbéèsì fẹ́ máa tẹ̀ lé?

Nílé pàápàá, iṣẹ́ náà kò rọrùn mọ́. Lẹ́yìn tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ètò SAP ní 1986, náírà já wálẹ̀, ohun èlò orin sì kọjá agbára ọ̀pọ̀ ènìyàn. Fújì, tí ìlù jẹ́ gbogbo ara rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, gba ọ̀pọ̀ òde lọ́wọ́ jùjú. Kíbọ́ọ̀dù dé, ọwọ́ òsì ẹnì kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe iṣẹ́ béèsì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni DJ dé. Ọ̀pọ̀ oníbéèsì gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ, ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn sì ti ń ṣiṣẹ́ títí di òní.

Owó àti orúkọ

Ibi tí bàtà ti ń ta ẹsẹ̀ nìyí. Nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ jùjú, olórí ẹgbẹ́ ló ni ohun èlò, òun ló ń bá olóde dúnàádúrà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni owó tí a ń lẹ̀ ń lọ. Ohun tó bá fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n á gbà. A kò bú olórí ẹgbẹ́ kankan; ìnáwó wà lọ́rùn tiwọn náà. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣe àwo, oníbéèsì á gba owó ọjọ́ kan, ó parí. Ẹni tó kọ orin ni owó ẹ̀tọ́ ń tọ̀ lẹ́yìn. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà tí Nàìjíríà ṣe ní 1988 fún àwọn òṣèré pàápàá ní ẹ̀tọ́ lórí eré tí wọ́n ṣe. Ẹ̀tọ́ dára. Àmọ́ ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí lẹ́yìn àwo, pẹ̀lú kí ni yóò fi hàn pé òun wà níbẹ̀? Kò sí owó ìfẹ̀yìntì, kò sí ìwé ẹ̀rí. Ọjọ́ tí ìka bá le, iṣẹ́ tán nìyẹn.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún

Nítorí náà, nǹkan mẹ́ta la bẹ̀ yín fún. Ẹ wá inú àpótí yín. Bí ẹ bá rí fọ́tò òde àtijọ́ tàbí kásẹ́ẹ̀tì eré tí wọ́n gbà sílẹ̀, ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó wà nínú ẹgbẹ́ olórin náà sẹ́yìn rẹ̀, kì í ṣe ti olórin nìkan, kí ẹ sì fi ọdún rẹ̀ sí i, kí àwọn tó mọ̀ wọ́n tó kú tán. Èkejì, bí ẹ bá ń pe olórin sí òde, ẹ bèèrè iye tí yóò kan àwọn tó wà lẹ́yìn, kí ẹ sì fi tiwọn lé wọn lọ́wọ́. Ẹ̀kẹta, nígbà tí ẹgbẹ́ wa bá ń ṣe ìrànlọ́wọ́ fún àwọn aláìlera àti àwọn àgbà, ẹ jẹ́ kí a rántí pé ẹni tó fi òru rẹ̀ mú inú wa dùn ti ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ́ bí ẹni tó ń san owó oṣù.

A ti jó lórí iṣẹ́ wọn pẹ́. Ẹ jẹ́ kí a mọ orúkọ wọn. Olódùmarè yóò jẹ́ kí a rí ọdún tó ń bọ̀ ní àlàáfíà, kò sì ní jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa di ìgbàgbé. Àmín.