Ìtàn tó wà lójú irin Èkó sí Ìbàdàn

Tí wọ́n bá kó yín rìnrìn àjò afẹ́ nínú rélùwéè láti Èkó lọ sí Ìbàdàn, ẹni tó ń mú yín kiri lè sọ pé òyìnbó kàn dé ni, ó sì la irin kọjá. Kò rí bẹ́ẹ̀ o.

Òótọ́ ni pé Gẹ̀ẹ́sì ti gba Èkó láti 1861. Abẹ́òkúta ńkọ́? Àdéhùn 1893 gbà pé Ẹ̀gbá dá dúró, wọ́n sì wà bẹ́ẹ̀ títí di 1914. Torí náà, kí irin tó gba ilẹ̀ wọn kọjá, àfi kí wọ́n bá Ẹ̀gbá jókòó sọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ó dé Ìbàdàn ní 1901. Ẹrù oko ló jẹ wọ́n lógún: èkùrọ́, epo, nígbà tó yá kòkó, gbogbo ẹ̀ ń lọ sétí òkun.

Èyí tá à ń wọ̀ báyìí, 2021 ni wọ́n ṣí i, kìlómítà 157. Wọ́n fi orúkọ èèyàn ńlá sọ àwọn ibùdókọ̀ rẹ̀: Ṣóyínká ní Abẹ́òkúta, Awólọ́wọ̀ ní Moníyà. Èyí tó ń dùn mí ni ti Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti. Obìnrin tó kó àwọn ìyá ọlọ́jà jáde torí owó orí, títí Aláké Adémọ́lá fi fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní 1949, Pápálantó ni wọ́n fi tiẹ̀ sí! Ọkọ̀ ò tíì wọ Abẹ́òkúta tá a ti kọjá orúkọ ẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n sọ ìtàn rẹ̀ fún yín kẹ́ ẹ tó débẹ̀.