Gbèsè Tí Ìjọba Ń Jogún

Láyé àtijọ́, bí baba bá jẹ gbèsè kú, àwọn ọmọ kì í sọ pé àwọn kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹni tó jogún oko jogún gbèsè. Ọmọ mìíràn a di ìwọ̀fà nítorí owó tí wọ́n ti yá kí wọ́n tó bí i. Iṣẹ́ tó ń ṣe lóko olówó, èlé ni. Ojú owó kò dín. Bí onígbèsè bá ṣagídí, ológò a wá jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, a máa pariwo, a sì gbé adìẹ tàbí ewúrẹ́ tó bá rí.

Ti ìjọba yàtọ̀. Bí owó tí ìjọba fẹ́ ná lọ́dún bá ju èyí tó ń wọlé lọ, yóò yá ìyókù. Nígbà tí olówó bá fi máa dé, ẹni tó yá a lè ti kúrò lórí àga.

Ní 1978, ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ yá bílíọ̀nù kan dọ́là lọ́wọ́ àwọn báǹkì òkè òkun. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1979, ó gbé ìjọba fún Alhaji Shehu Shagari. Epo rọ̀bì wọ́n nígbà náà, àgbá kan kọjá 30 dọ́là, ìjọba tuntun sì ń náwó bí ẹni pé ọjà epo kò ní í dẹ̀ láé. Ó dẹ̀. Nígbà tí ó fi máa di oṣù kẹrin 1982, wọ́n ti ń ṣòfin láti dín ọjà tí ń wọlé láti òkè òkun kù.

Ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kejìlá 1983, Sani Abacha ka ìkéde ìfipágbàjọba lórí rédíò. Ó ní wọ́n ti ba ọrọ̀ ajé jẹ́, ó sì pe Nàìjíríà ní onígbèsè àti alágbe. Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ fi ojú sí èyí: Muhammadu Buhari tí wọ́n fi jẹ olórí ìjọba ti jẹ́ kọmíṣọ́nnà àpapọ̀ fún epo rọ̀bì láti 1976 sí 1978, nínú ìjọba kan náà tó yá bílíọ̀nù dọ́là yẹn. Alágbádá nìkan kọ́ ló jẹ gbèsè. Ogún oṣù lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹjọ 1985, Ibrahim Babangida, olórí ọmọ ogun orí ilẹ̀ fún Buhari, gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà sì ní ọrọ̀ ajé kò gbé pẹ́ẹ́lí sí i.

Èlé kò gbọ́ àlàyé kankan nínú gbogbo èyí. Ọdún 2005 ni Ẹgbẹ́ Olówó ti Paris tó gbà láti dá nǹkan bíi bílíọ̀nù 18 dọ́là sí, lẹ́yìn tí Nàìjíríà gbà láti san nǹkan bíi bílíọ̀nù 12.

Nígbà tí Buhari padà dé ní 2015, ọdún mẹ́rìndínlógún ẹgbẹ́ PDP ni ó di ẹ̀bi rù. Gbèsè ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ lápapọ̀ lé díẹ̀ ní tírílíọ̀nù 12 náírà ní oṣù kẹfà ọdún náà. Ní oṣù kẹfà 2023, ó ti lé ní tírílíọ̀nù 87. Nínú rẹ̀ ni tírílíọ̀nù 22.7 tí ìjọba yá lọ́wọ́ báńkì àpapọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé náírà tó já lulẹ̀ lóṣù yẹn gan-an wà lára ohun tó fẹ iye náà. Bọ́lá Ahmed Tinúbú ti gorí àléfà nígbà náà. Ọmọ ẹgbẹ́ APC ni ẹni tó gbé e lé e lọ́wọ́, ọmọ ẹgbẹ́ APC sì ni òun náà.