Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Kíláàsì Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti Àwọn Ọmọ Tí Òye Wọn Kò Dọ́gba ní Mágódò àti Agbègbè Rẹ̀

Nínú gbogbo iṣẹ́ tí a ń gbé lé olùkọ́ lọ́wọ́ ní Èkó Akéte, ilé ọgbọ́n, èmi kò mọ èyí tí ó le tó ti olùkọ́ pírámárì kìn-ín-ní, nítorí pé nígbà tí ilé-ìwé bá wọlé ní oṣù Kẹsàn-án, àwọn ọmọ ọdún márùn-ún àti mẹ́fà tí ó jókòó níwájú rẹ̀ kì í ṣe ọgbọọgba, bí ó ti wù kí aṣọ ilé-ìwé mú wọn jọra tó: òmíràn ti ń ka ìwé láti jẹ́lé-ó-sinmi, òmíràn kò tíì di pẹ́ńsùlù mú rí, Gẹ̀ẹ́sì ni ti ẹnì kan, Yorùbá ni ti ẹnìkejì, Haúsá tí àwọn oníṣòwò àlùbọ́sà ń sọ ní ọjà Máìlì 12 sì ni ti ẹnìkẹta, etí ọ̀kan wúwo, ojú ọ̀kan kò ríran jìnnà, ọ̀kan kò sì lè fìdí kalẹ̀ fún ìwọ̀n ìgbà tí a fi ń ka ení dé ogún.

Ohun kan ṣoṣo ni àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi múlẹ̀: pé ìrànlọ́wọ́ fún ọmọ tí ẹ̀kọ́ ń nira fún wà nínú ìkọ́ni fúnra rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àti pé kíláàsì tí a bá tò kí ọmọ tí ó lọ́ra jù lè rí ọ̀nà wọlé ni ọmọ tí ó yára jù náà ti ń rí ohun tí ó jinlẹ̀ kọ́. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ni àwọn àgbà wí. Olùkọ́ tí ó bá sì fi dandan lé e pé ọ̀nà kan ni gbogbo ọmọ yóò gbà, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń dí ọjà mọ́ àwọn kan nínú wọn.

Mágódò, àdúgbò kan ní Èkó, ni mo fi ṣe ojú ìwòran nítorí pé ayé méjì ni ó fara kan ara wọn níbẹ̀. Nínú ọgbà ilé tí a fi géètì dí, láti ọ̀nà CMD títí dé Ṣangíṣà, ilé-ìwé aládàáni kò wọ́n, ó sì wọ́pọ̀ kí olùkọ́ méjì wà nínú kíláàsì kan. Àwọn òbí mìíràn a tilẹ̀ san owó amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ tí yóò jókòó ti ọmọ wọn. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ̀ kalẹ̀ sí Ìkòsì, Kétu àti Máìlì 12, níbi tí ọkọ̀ tòmátì láti òkè ọya ti ń já ẹrù láti ìdájí, àwọn ọmọ aláta, ọmọ awakọ̀, àti ọmọ ọlọ́dẹ tí ó ń ṣọ́ géètì Mágódò gan-an, ni ó kún ilé-ìwé ìjọba, olùkọ́ kan ṣoṣo a sì máa dá ẹrù kíláàsì rù. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 2013 ní ọmọ 35 ni kí olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan máa bójú tó. Ẹni tí ó bá ti kọ́ni ní ilé-ìwé ìjọba ní Èkó mọ bí iye yẹn ti jìnnà tó sí ohun tí ojú ń rí.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣe àjèjì sí àwọn baba wa. Wọ́n gbà pé Ọbàtálá, alámọ̀ rere, ni ó mọ àfín, abuké àti arọ, wọ́n sì ń pè wọ́n ní ẹni òrìṣà kí ẹnikẹ́ni má baà fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Nídìí iṣẹ́ ọwọ́ pẹ̀lú, ọ̀gá alágbẹ̀dẹ kì í gbé òòlù fún ọmọṣẹ́ ní ọjọ́ tí ó dé. Ẹwìrì ni yóò kọ́kọ́ máa fín, a kò sì ní ka oṣù fún un, àfi ìgbà tí ojú ọ̀gá bá rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ti gbó. Síbẹ̀, kí a má purọ́: ọ̀wọ̀ tí a bù fún ẹni òrìṣà kò sọ ọ́ di akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀pọ̀ adití àti afọ́jú ni ó sì jókòó sí kọ̀rọ̀ ilé nígbà tí ẹgbẹ́ wọn ń lọ kàwé.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955, nígbà tí Ìkòsì àti Kétu ṣì wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ni ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, iye ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì fò láti bíi 457,000 lọ sí ohun tí ó lé ní 811,000 láàárín ọdún kan. Ilẹ̀kùn ṣí gbayawu, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn ìjọ àti àwọn aláàánú ni adití àti afọ́jú ti rí ibi fẹ̀yìn tì: Andrew Foster, adití ọmọ Amẹ́ríkà, dá ilé-ìwé adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1960, ilé-ìwé Pacelli fún àwọn afọ́jú sì bẹ̀rẹ̀ ní Sùúrùlérè ní 1962. Ìpàdé Salamanca ní ilẹ̀ Spain, ní 1994, níbi tí aṣojú ìjọba orílẹ̀-èdè 92 péjọ sí, ni ó pàrọwà fún gbogbo ayé pé inú ilé-ìwé àdúgbò ni kí a ti máa kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin fún ààbò àwọn akanda ẹ̀dá ní 2011. Ti ìjọba àpapọ̀, tí Ààrẹ Bùhárí buwọ́ lù ní oṣù Kìn-ín-ní 2019, sì ní kí gbogbo ilé-ìwé ìjọba gba irú wọn mọ́ra, kí ó kéré tán òṣìṣẹ́ kan tí a kọ́ fún iṣẹ́ náà wà níbẹ̀. Òfin dára. Inú kíláàsì ni iṣẹ́ kù sí.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀kọ́ ìṣirò kan, àròpọ̀ tí kò kọjá 20. Olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í kọ ìṣirò mẹ́wàá sójú pátákó kí ó ní kí gbogbo kíláàsì dà á kọ. Ìtàn ni yóò fi bẹ̀rẹ̀: ìyá kan kó tòmátì 8 sínú abọ́, ó tún fi 5 sí i, mélòó ni oníbàárà yóò gbé lọ? Gbogbo ọmọ ni ó gbọ́ ìtàn náà. Tábìlì kan gba ìdérí ìgò mínírà, wọ́n ń kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Tábìlì kejì ń fa ilà sínú ìwé, wọ́n ń dì í ní márùn-ún márùn-ún. Tábìlì kẹta, tí wọ́n ti pariwo ìdáhùn kí a tó béèrè tán, ni a ní kí wọ́n wá gbogbo ọ̀nà tí a lè gbà pín tòmátì 13 sí abọ́ méjì, iṣẹ́ tí yóò gbà wọ́n ní àkókò ju bí wọ́n ti rò lọ. Ọmọ aláta tí kò tíì mọ b yàtọ̀ sí d lè jẹ́ ẹni tí yóò kọ́kọ́ wí pé 8 ń wá 2 kí ó tó pé 10, tí 3 yóò sì ṣẹ́kù, nítorí pé báyìí ni ó ti ń ka ṣéńjì fún oníbàárà ìyá rẹ̀ ní gbogbo Sátidé.

Ewu tí ó wà nínú títo àwọn ọmọ sí tábìlì ni pé kò pẹ́ tí wọn yóò fi mọ tábìlì tí a ń pè ní ti olódo, bí a kò tilẹ̀ sọ ọ́ jáde lẹ́nu. Nítorí náà ni mo ṣe fara mọ́ ìlànà àjọ Pratham, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Mumbai ní 1995: wọn a fi ìdánwò kúkúrú wò bóyá lẹ́tà ni ọmọ lè kà, tàbí ọ̀rọ̀, tàbí ìtàn odindi; lẹ́yìn náà, fún wákàtí díẹ̀ lóòjọ́, ohun tí ó lè ṣe ni a ó fi yan ẹgbẹ́ rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ orí, bí ó bá sì ti tẹ̀ síwájú ni a ó ṣí i nípò. Ìwádìí lórí irú ìkọ́ni yìí wà lára iṣẹ́ tí ó mú kí Abhijit Banerjee àti Esther Duflo gba ẹ̀bùn Nobel ní 2019. Maria Montessori pàápàá, tí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé aládàáni ní Èkó fi orúkọ rẹ̀ ṣe ẹ̀ṣọ́, àwọn ọmọ tí a ní òye wọn kò pé ni ó kọ́kọ́ bá ṣiṣẹ́ kí ó tó ṣí ilé àwọn ọmọdé ní Róòmù ní 1907.

Ọ̀pọ̀ ohun tí ó yẹ kò ná ni lówó. Ọmọ àfín kì í sábà ríran jìnnà, ìmọ́lẹ̀ sì ń gún un lójú. Kí ó jókòó níwájú, kí ó kẹ̀yìn sí fèrèsé, kí a gbà á láyè láti dìde lọ ka ohun tí a kọ sójú pátákó, kí a má sì bọ́ fìlà lórí rẹ̀ nítorí òfin ilé-ìwé. Ọmọ tí etí rẹ̀ kan wúwo, etí tí ó gbọ́ràn ni kí ó kọ sí olùkọ́, olùkọ́ kò sì gbọdọ̀ máa sọ̀rọ̀ nígbà tí ó bá kọjú sí pátákó. Ọmọ tí ó ní àrùn fòní-kú-fọ̀la-dìde nílò omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ àti àyè láti jáde tọ̀ nígbàkígbà, àti ẹni tí yóò fi sùúrù kọ́ ọ ní ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tí ó bá ti ilé ìwòsàn dé. Ti alọ́wọ́-òsì dùn mí jọjọ, nítorí a ṣì ń rí ibi tí a ti ń fi pàṣán na ọwọ́ tí Ẹlẹ́dàá fi fún un.

Èdè ni àkàbà àkọ́kọ́, òun ni a sì ń yọ lẹ́sẹ̀ ọmọ kánkán jù. Ní oṣù Kìn-ín-ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà: Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ títí wọ́n fi parí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ tí ó mọ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Nígbà tí a wọ̀n wọ́n wò, wọn kò rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ wọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ láti ọdún kẹrin, wọ́n sì ta wọ́n yọ nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́. Ìdí rẹ̀ tí mo fi mú un wọ inú ọ̀rọ̀ yìí ni pé olùkọ́ tí ń fi èdè tí ọmọ kò gbọ́ bi í léèrè kò lè mọ̀ bóyá òye ni kò sí ni, tàbí ọ̀rọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tí a ní kí wọ́n tún kíláàsì ṣe, ọ̀rọ̀ ni kò sí lẹ́nu wọn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ipò tí a ń kọ sínú káàdì èsì kì í jẹ́ kí a rí ohun tí ọmọ mọ̀. Kí ni ọmọ ọdún mẹ́fà yóò fi ipò kejìdínlógójì ṣe? Kò sọ fún ìyá rẹ̀ bóyá ó ti lè ka ọ̀rọ̀ onísílébù méjì, kò sì sọ fún olùkọ́ tí yóò gbà á ní ọdún tí ń bọ̀ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Kí a kọ ohun tí ọmọ lè ṣe ní Kẹsàn-án àti ohun tí ó lè ṣe ní Keje. Ìwé kan tó bẹ́ẹ̀.

Ti olùkọ́ tí kò tó, èyí tí kò sí ọgbọ́n tí ó lè bò ó, ọwọ́ wa kò ṣófo pátápátá. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ fún ẹ̀kọ́ àwọn akanda ẹ̀dá ti wà ní Ọ̀yọ́ láti ìgbà pípẹ́, Èkó sì ní yunifásítì ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ tirẹ̀ láti 2022. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn ń lọ kọ́ni fún ìdánrawò. Kí a kó wọn lọ sí pírámárì kìn-ín-ní àti kejì ní Ìkòsì, Kétu àti Máìlì 12, ní méjì méjì, fún odindi táàmù, kí ọ̀kan máa jókòó ti tábìlì tí ń ka ìdérí ìgò nígbà tí olùkọ́ kíláàsì bá wà lọ́dọ̀ àwọn yòókù.