Àìsàn Là Ń Wò, A Kì Í Wo Ọlọ́jọ́

Tí wọ́n bá gbé òkú jáde ní wọ́ọ̀dù, tí ẹkún sọ, kì í pẹ́ kí àgbàlagbà kan tó mí kanlẹ̀, kó sì wí pé, "Ẹ gba f'Ọ́lọ́run. Àìsàn là ń wò, a kì í wo ọlọ́jọ́." Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni. Ó ń sọ fún ọmọ olóòkú pé owó tó ná kò gbé, ó ń sọ fún dókítà pé a ò dá a lẹ́bi, ó sì ń pa ẹni tó fẹ́ sọ pé "à bá ti gbé e lọ sí Ìbàdàn" lẹ́nu mọ́. Lẹ́yìn ikú ni àwọn baba wa ń lò ó. Àwa ti ń lò ó ṣáájú ikú. Dókítà ní jẹjẹrẹ ti dé ẹ̀dọ̀, iṣẹ́ abẹ kò wúlò mọ́. Kíá la ti wo ara wa lójú pé ọlọ́jọ́ ni. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹsẹ̀ àwọn tó ń wá kí i á dín kù, owó oògùn á bẹ̀rẹ̀ sí í fà, ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì náà sì ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Òwe kò rán wa níṣẹ́ yẹn. Kó tó sọ ohun tí a kì í wò, ó ti kọ́kọ́ sọ ohun tí à ń wò, àwa la fi ìdajì kejì bo ti àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀. Ìrora, àìsàn ni. Èébì, àìsàn ni. Ẹnu gbígbẹ, èémí tí kò délẹ̀, egbò tí ìdùbúlẹ̀ ń dá síni nídìí, ìgbẹ́ tí kò yà, ìbẹ̀rù òru: àìsàn ni gbogbo wọn, wọ́n sì ṣeé wò títí ẹ̀mí fi máa bọ́. Ikú nìkan ni òwe yọ sílẹ̀. Ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kù díẹ̀ ṣì jẹ́ aláìsàn, n ò sì mọ ẹni tí ìyẹn yé tó nọ́ọ̀sì.

Ẹ wọ wọ́ọ̀dù kan ní Abẹ́òkúta ní aago méjì òru kí ẹ wo ohun tí mò ń wí. Màmá kan ti ń lọ. Kò jẹun láti ìjẹta, ọmọbìnrin rẹ̀ sì ń fi ṣíbí ti ògì sí i lẹ́nu, nítorí lójú tirẹ̀ ebi ni yóò pa ìyá òun. Nọ́ọ̀sì á fi pẹ̀lẹ́ gba ṣíbí náà lọ́wọ́ rẹ̀. Á ṣàlàyé pé ara tó ń palẹ̀ mọ́ kì í béèrè oúnjẹ mọ́, pé ògì náà lè ṣìnà wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Lẹ́yìn náà á fún un níṣẹ́ mìíràn: kó ti òwú bọ omi, kó máa fi pa ètè àti ahọ́n Màmá díẹ̀díẹ̀, kó sì fi ìpara ra ètè náà kó má baà là. Ọmọ rí nǹkan ṣe, ẹnu ìyá sì tutù. Ní wákàtí méjì-méjì, nọ́ọ̀sì àti ẹnìkejì rẹ̀ á yí Màmá láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, wọ́n á ki ìrọ̀rí sáàárín orúnkún rẹ̀ méjèèjì. Bí itọ́ tí kò lè gbé mì bá ń dún lọ́nà ọ̀fun rẹ̀, wọ́n á fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ìró náà á sì rọlẹ̀. Gbogbo àsìkò yìí ni wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀: "Màmá, a fẹ́ yí yín o. Ẹ pẹ̀lẹ́, Mà." Ojú Màmá ti pa dé, àmọ́ ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ni pé kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ bíi pé aláìsàn ń gbọ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń lé àwọn mọ̀lẹ́bí tó ń jà lórí ilé kúrò lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì.

Iṣẹ́ yìí ti pẹ́ ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ní 1895 ni Fadá Jean-Marie Coquard, ọmọ ilẹ̀ Faransé, dá ọsibítù Sacred Heart sílẹ̀ ní Lantoro, Abẹ́òkúta, èyí tí ọ̀pọ̀ ń kà sí ọsibítù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Àlùfáà ni, kì í ṣe dókítà. Àwọn sístà ìjọ Our Lady of Apostles ló bá a gbé iṣẹ́ ìtọ́jú náà. Ẹ ro ohun tó wà lọ́wọ́ wọn wò: ọdún 1928 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí pẹnisílíìnì. Ọ̀pọ̀ aláìsàn ló wà tí ẹnikẹ́ni ò lè ṣe ju kí wọ́n wẹ̀ ẹ́, kí wọ́n di egbò rẹ̀, kí wọ́n fún un lómi, kí wọ́n sì jókòó tì í. Mo fura pé ẹ̀rọ tó pọ̀ lọ́wọ́ wa lónìí ti mú wa gbàgbé pé ìtọ́jú ni ìjókòó tini.

Ṣùgbọ́n àánú nìkan kò pa ìrora. Cicely Saunders, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì tó ti ṣe nọ́ọ̀sì kó tó di dókítà, dá St Christopher's Hospice sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1967. Ohun tó bá jà ni àṣà kí aláìsàn kọ́kọ́ pariwo kí wọ́n tó fún un ní oògùn. Ó ní kí wọ́n máa fún un lákòókò, kí ìrora má ráyè padà wá. Ní 1986, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ irú ìlànà bẹ́ẹ̀ di ti gbogbo ayé fún ìrora jẹjẹrẹ: ẹnu ni kí wọ́n fi lò ó bó bá ṣeé ṣe, aago ni kí wọ́n fi ṣọ́ ọ, kí wọ́n ti orí oògùn fífúyẹ́ bọ́ sórí èyí tó le. Mọ́fíìnì olómi ni igi lẹ́yìn ọgbà níbẹ̀, ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, pẹ̀lú oògùn tí yóò máa yọ ìgbẹ́, nítorí ó máa ń di inú. Dókítà Anne Merriman gbé ìlànà yìí dé Uganda ní 1993. Nígbà tó yá, òfin ibẹ̀ gba nọ́ọ̀sì tó kọ́ṣẹ́ náà láyè láti kọ mọ́fíìnì fún aláìsàn fúnra rẹ̀. Nílé wa níbí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláìtán Ṣóyannwò àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́ síwájú ní UCH Ìbàdàn, Federal Medical Centre tó wà ní Ìdí-Abà, Abẹ́òkúta, náà sì ń ṣe irú ìtọ́jú yìí. Síbẹ̀ àwọn ẹbí kan á ní kí wọ́n má fún Bàbá ní mọ́fíìnì, kó má baà di bárakú fún un. Baba tí kò ní ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ!

Èyí tó ṣòro jù ni ọ̀rọ̀ ẹnu. Àwọn ọmọ á fa nọ́ọ̀sì sí kọ̀rọ̀: "Sístà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Màmá o." Nígbà tó bá di òru, Màmá fúnra rẹ̀ á di ọwọ́ nọ́ọ̀sì mú: "Ọmọ mi, ṣé mo ṣì máa délé báyìí?" Nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ kò ní parọ́, kò sì ní já a láyà. Á ní, "Màmá, ta lẹ fẹ́ ká bá yín pè?" Bó bá jẹ́ Mùsùlùmí, á wá ẹni tí yóò bá a ṣe kálímà, á sì bá wọn yí bẹ́ẹ̀dì kọjú sí gábàsì. Bó bá jẹ́ ti ìjọ Àgùdà, á ránṣẹ́ pe Fadá. Nílùú tí mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì ti ń wọnú agboolé kan ṣoṣo bí Abẹ́òkúta, kò sẹ́ni tó ń bi í léèrè ẹ̀sìn tirẹ̀.

Kí làwa ń ṣe lákòókò yẹn? "Ọjọ́ a bá kú là ń dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè." Mo ti rí ẹbí tó yan àdìrẹ ìsìnkú ní Ìtòkú nígbà tí ìwé oògùn ìrora ṣì wà nínú àpò wọn láìrà. A máa gba gbọ̀ngàn, a máa gba olórin, pósítà á gba gbogbo ìgboro, ẹni tí à ń ṣe é fún sì ti fi egbò ìdí lọ.

Àdúrà wa ni pé ọwọ́ ọmọ la ó kú sí. Àmọ́ ọmọ wà ní Manchester, ó ń yí ìyá ẹlòmíràn lórí bẹ́ẹ̀dì. Orí fóònù ló ti ń wo tirẹ̀, nọ́ọ̀sì ló sì ń bá a di fóònù náà mú. Nọ́ọ̀sì yẹn pàápàá lè ti máa tọ́jú ìwé ìrìnnà. Ní February 2024, Nursing and Midwifery Council of Nigeria pàṣẹ pé nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ fún òkè òkun. Àṣẹ lásán kò lè dá ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò tó jẹun dúró.

Ẹ̀yin tí ẹ ní aláìsàn níwájú, ẹ bi nọ́ọ̀sì pé aago mélòó ni oògùn ìrora tún kàn. Ẹ bá a gbé ẹsẹ̀ Bàbá nígbà tó bá ń yí wọn. Ẹ yọ nínú owó aṣọ ẹbí kí ẹ fi ra oògùn náà báyìí. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn náà rí i pé mọ́fíìnì olómi kò wọ́n ní ọsibítù rẹ̀ kankan, kí nọ́ọ̀sì tó mọ̀ ọ́n lò sì wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru.