Ọtí Porto àti Ọ̀ràn Àbùlà

Ẹni tí ó bá ti bá adẹ́mu dúró ní ìdí ọ̀pẹ rí yóò mọ̀ pé ẹmu kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Èyí tí a gbé sọ̀ kalẹ̀ ní ìdájí a máa dùn bí oyin. Bí ó bá di ọ̀sán, adùn rẹ̀ a dín, agbára rẹ̀ a sì pọ̀ sí i. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, kíkan ni yóò kan. Kò sí idán níbẹ̀. Ìwúkàrà inú rẹ̀ ni ó ń jẹ ṣúgà tí ó sì ń sọ ọ́ di ọtí; ìhó tí a ń rí ní ẹnu akèrègbè ni àmì pé iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni omi èso àjàrà rí ní ilẹ̀ Òyìnbó. Báwo ni a ṣe lè dá ọtí dúró ní ibi tí ó gbé dùn jù, kí ó sì tún lè la òkun kọjá láì bàjẹ́? Mo fẹ́ sọ ìtàn ọ̀kan nínú àwọn ìdáhùn tí ayé rí sí ìbéèrè yìí, èyíinì ni ọtí Porto ti ilẹ̀ Potogí. Àríyànjiyàn kan wà nínú ìtàn náà tí ó kan àwa tí a ń kọ́ èdè pàápàá: nígbà wo ni àfikún ń sọ nǹkan di àbùlà, nígbà wo ni ó sì ń sọ ọ́ di pípé?

Ìjà àwọn ọba ni ó bí òwò náà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ Faransé kò rẹ́ nígbà náà, nítorí èyí ni àwọn aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ṣe ka ọtí Faransé léèwọ̀ ní ọdún 1678. Àwọn oníṣòwò bá kọjú sí ilẹ̀ Potogí. Ní ọdún 1703 ni a wá tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn Methuen: Potogí yóò gba aṣọ irun àgùntàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọlé, Gẹ̀ẹ́sì yóò sì dín owó bodè orí ọtí Potogí kù ní ìdá kan nínú mẹ́ta sí ti Faransé. Láti àwọn òkè ẹ̀bá odò Douro ni wọ́n ti ń fi ọkọ̀ onígi gbé àgbá ọtí wá sí Vila Nova de Gaia, tí ó kọjú sí ìlú Porto ní òdìkejì odò. Ibẹ̀ ni ó ti ń bọ́ sí òkun. Kí ọtí má bàa bàjẹ́ lọ́nà, wọ́n a ta ọtí líle díẹ̀ sínú àgbá. Ara ọtí àjàrà kan náà ni wọ́n ti ń sè é, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń sè ògógóró láti ara ẹmu.

Ṣùgbọ́n nígbà tí owó bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé, ojúkòkòrò tẹ̀ lé e. Àwọn kan ń pọn ọtí tí kò dára ní àwọ̀ pẹ̀lú èso igi tí àwọn Potogí ń pè ní sabugueiro. Wọ́n da ṣúgà sí i, wọ́n da ọtí líle tí kò mọ́ sí i, wọ́n sì ń tà á bí ojúlówó. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Nígbà tí ó fi máa di nǹkan bí ọdún 1755, àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fọkàn tán ọtí náà mọ́, iye tí a ń tà á já wálẹ̀, ìyà sì ń jẹ àgbẹ̀ olóòótọ́ pẹ̀lú èké.

Ìgbà náà ni Sebastião José de Carvalho e Melo, ẹni tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Marquês de Pombal, dìde. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1756, ó dá ilé iṣẹ́ ńlá kan sílẹ̀ tí yóò máa bójú tó ọtí Douro. Wọ́n pààlà sí ilẹ̀ tí ojúlówó ti lè wá, wọ́n ri òwọ̀n òkúta mọ́ ààlà náà, ó sì pàṣẹ kí a hú igi sabugueiro kúrò ní gbogbo àgbègbè náà. Òfin yìí tún ọtí ṣe, ṣùgbọ́n kò rọ gbogbo ènìyàn lọ́rùn. Ilé iṣẹ́ yìí nìkan ni ó gba àṣẹ láti máa ta ọtí fún àwọn ilé ọtí ìlú Porto; ní oṣù Kejì ọdún 1757 àwọn ará ìlú dìde sí i. Ìjọba kó sójà tì wọ́n, a sì so àwọn kan nínú wọn rọ̀. Ẹni tí ó bá ń gbé ife ọtí yìí sókè, kí ó rántí pé ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìtàn òtítọ́ rẹ̀.

Ìjà kò parí síbẹ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ọtí líle kò jẹ́ ti ìrìn àjò nìkan mọ́. Wọ́n ń dà á sínú omi àjàrà nígbà tí ó ṣì ń hó. Joseph James Forrester, oníṣòwò ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń gbé Porto, tí ó sì ya àwòrán odò Douro, kọ ìwé pélébé kan ní ọdún 1844 láti bu ẹnu àtẹ́ lu àṣà náà. Lójú rẹ̀, àbùlà ni àbùlà ń jẹ́: kí a jẹ́ kí àjàrà hó parí fúnra rẹ̀. Odò Douro tí ó fẹ́ràn náà ni ó gbé e lọ ní ọdún 1861, nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ dojú dé ní Cachão da Valeira. Àwọn amutí ni ó sì borí nínú àríyànjiyàn náà, nítorí dídùn ni wọ́n fẹ́.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n a tẹ àjàrà, ìbáà jẹ́ pẹ̀lú ẹsẹ̀ nínú ọpọ́n òkúta, ìbáà jẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rọ. Nígbà tí ìwúkàrà bá ti jẹ nǹkan bí ìdajì ṣúgà inú rẹ̀, wọ́n a da ọtí líle tí agbára rẹ̀ jẹ́ 77 nínú 100 sí i. Ìwọ̀n àtijọ́ ni lítà 115 sí lítà 435, tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 550, àgbá kan. Ìwúkàrà a kú, ìhó a dáwọ́ dúró, ṣúgà tí ó kù a wà níbẹ̀. Ìdí nìyí tí ọtí náà fi dùn tí ó sì tún le, nǹkan bí 19 sí 22 nínú 100.

Oríṣiríṣi ni ó wà. Ruby pupa, ó ṣì ní òórùn èso tútù. Tawny a máa pẹ́ nínú àgbá igi, afẹ́fẹ́ a kàn án díẹ̀díẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ a sì máa lọ sí ti oyin. A lè rí 10, 20, 30 tàbí 40 lára ìgò rẹ̀, láti fi bí ó ti gbó tó hàn. Vintage ni ti ọdún ìkórè kan ṣoṣo tí ó dára lọ́tọ̀. A kì í fi í sí àgbá ju nǹkan bí ọdún méjì sí mẹ́ta lọ kí a tó rọ ọ́ sínú ìgò, ibẹ̀ ni yóò sì ti gbó fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí a gbé ìgò dúró, kí a sì rọra rọ ọ́ sí ohun èlò mìíràn. Bí a bá ti ṣí i, kí a má jẹ́ kí ó ju ọjọ́ kan tàbí méjì lọ. Tawny ní tirẹ̀ lè fara dà á fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ife kékeré ni a fi ń mu ún, lẹ́yìn oúnjẹ, ní díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ó bá gbé e mì bí omi, kò tọ́ ọ wò. Orí ni yóò sì fi san án lọ́jọ́ kejì.

Ta ni ó wá jàre? Lójú tèmi, Pombal àti Forrester kò bínú sí nǹkan kan náà. Èso sabugueiro jẹ́ àbùlà nítorí pé a fi pamọ́, a fi ń pe búburú ní rere. Ọtí líle tí a dà síbẹ̀ ní gbangba, ní ìwọ̀n tí gbogbo ènìyàn mọ̀, kò tan ẹnikẹ́ni jẹ; ó ti di ara ọtí náà débi pé láìsí i, kò sí Porto. Àwa tí à ń ṣọ̀fọ̀ pé àwọn ọ̀rọ̀ àjèjì ń bu omi la èdè Yorùbá, kí a rántí àdúrà àti àlùbọ́sà. Inú èdè Lárúbáwá ni wọ́n ti ṣẹ̀, síbẹ̀ ta ni yóò sọ pé wọn kì í ṣe tiwa lónìí? Kì í ṣe pé nǹkan wọlé ni ó ń ba nǹkan jẹ́. Àìmọ̀wọ̀n ni, àti ẹ̀tàn.